ÌTỌ́JÚ EYÍN ÀWỌN ỌMỌ ILÉ-Ẹ̀KỌ́



Nígbà tí a bá ń ka àwọn ohun tí í fa ọmọ sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́, a kì í sábà ka eyín mọ́ wọn. Ọmọ tí eyín ń ro kò rí oorun sùn ní òru. Bí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́, a óò rí i tí ó fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìṣirò kò wọ̀ ọ́ ní etí, olùkọ́ tí kò bá sì wádìí yóò pè é ní ọ̀lẹ. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa tí a ń múra láti jẹ́ olùkọ́.

20 ni eyín ọmọdé. 32 ni ti àgbàlagbà, bí gbogbo rẹ̀ bá hù pé. Nígbà tí ọmọ bá tó bí ọdún 6, eyín ńlá kọ̀ọ̀kan a máa hù lẹ́yìn àwọn eyín ọmọdé, ní apá ọ̀tún àti òsì, lókè àti nísàlẹ̀. Eyín àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n nítorí pé eyín kan kò ká kí wọ́n tó hù, ọ̀pọ̀ òbí rò pé wọ́n wà nínú àwọn tí yóò ká, wọn kò sì bìkítà bí wọ́n bá ń jẹrà. Bí wọ́n bá bàjẹ́, òmíràn kò ní hù mọ́. Ní ọdún náà gan-an ni ọmọ ń wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọwọ́ wa ni eyín náà bọ́ sí.

Àwọn baba wa sọ pé akokoro ni í jẹ eyín. Kòkòrò wà níbẹ̀ nítòótọ́, ṣùgbọ́n ó kéré ju èyí tí ojú lásán lè rí. Ṣúgà tí ó kù lára eyín ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ di omi kíkan tí í jẹ ara líle eyín díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di ihò. Itọ́ ẹnu a máa ṣe àtúnṣe bí ó bá rí àyè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń lá súìtì láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò fún un ní àyè. Kì í ṣe bí ṣúgà ti pọ̀ tó nìkan ni ó yẹ kí a wò, bí kò ṣe iye ìgbà tí ó wọ ẹnu ní ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ṣe ní New Zealand. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, a rí i pé eyín ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá wọ iṣẹ́ ológun níbẹ̀ ti bàjẹ́. Ní 1921, lábẹ́ oníṣègùn eyín kan tí í jẹ́ Thomas Hunter, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní Wellington fún ọdún méjì, kí wọn lè máa tọ́jú eyín àwọn ọmọ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ń dí ihò eyín, wọ́n ń yọ èyí tí ó ti kọjá àtúnṣe, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti í fọ ẹnu. Síbẹ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ eyín ń dun àwọn ọmọ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ ní ilé ìpànìyàn. Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ wa: ìtọ́jú tí a gbé dé ilé-ẹ̀kọ́ ni í dé ọ̀dọ̀ ọmọ tálákà, ìdènà sì sàn ju dídí ihò lọ.

Ní ilẹ̀ wa, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní oníṣègùn eyín kò wọ́pọ̀. Kí ni olùkọ́ lè ṣe?

Èkíní, bí a bá ń wo èékánná àwọn ọmọ ní òwúrọ̀, kí a wo ẹnu wọn pẹ̀lú.

Èkejì, àṣà wa ni láti fọ ẹnu ní òwúrọ̀ kí a tó kí ẹnikẹ́ni; kí a fi ti alẹ́ kún un, nítorí pé itọ́ a máa dínkù bí a bá sùn. Orín ata, orín ayan àti pákò dára fún fífọ eyín, ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride ni í mú kí ara eyín le sí i. Ìwọ̀n ẹ̀wà kan tó fún ọmọ ọdún 3 sí 6, kí ó sì tu ú jáde.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi súìtì ta ọmọ tí ó gba ìbéèrè ní ọrẹ. Pẹ́ńsù tàbí àtẹ́wọ́ tó.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe fi oníṣègùn eyín dẹ́rù ba ọmọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí a kọ ìwé sí àwọn òbí, kí a sì bẹ àwọn oníṣègùn eyín láti wá wo àwọn ọmọ. Wọ́n wà ní ilé-ìwòsàn ńlá bíi ti Yunifásítì ní Ìbàdàn àti ní Ìdí-Àràbà ní Èkó.

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ihò tí ó tó orí abẹ́rẹ́ lónìí kò le dí. Bí a bá fi í sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀, yíyọ ni yóò kù. Kí olúkúlùkù wa wo ẹnu àwọn ọmọ tí a ó fi lé e lọ́wọ́.