Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún owó



Ẹni tó wá dífá máa ń sọ tinú rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó. Babaláwo kì í gbọ́. Ifá ló ń gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀rọ̀ sówó títí tí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, mo ki Ifá, ẹbọ jáde. Ó fẹ́ dìde. Mo ní, "Jókòó, ọmọ mi. Ifá ti gbọ́, èmi náà fẹ́ gbọ́." Ló bá tú u síta: kò rí oorun sùn mọ́, ayé ti sú u.

A rúbọ. Mo tún mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọkàn. Ìyẹn ò bu Ifá kù. Ní 1954, ní Aro, l'Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn aláìsàn ń gbé láàrin ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ọkàn bá wúwo, ẹ má sọ fún owó nìkan. Ẹ̀yin awo, ẹ béèrè kí wọ́n tó dìde.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.