Ẹ Má Dúró De Ọjọ́ Ìsinmi Kí Ẹ Tó Kọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, mo mọ̀ pé ilẹ̀ kì í mọ́ bá yín nílé. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ni òǹkọ̀wé Amos Tutùọlá ní iléeṣẹ́ ìjọba kan l'Ékòó. Nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́ ló ń kọ ìtàn. Ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní London lọ́dún 1952.

Nínú ọkọ̀ ojú irin Mile 2 sí Marina, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta péré: bí àpẹẹrẹ, ohun tí ìyá oníbúrẹ́dì sọ lójú ọ̀nà, tàbí bí kọ̀ńdọ́ dánfó ṣe há ṣéńjì mọ́wọ́ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìwé kékeré àti bírò ni kí ẹ lò. Ẹ má fa fóònù yọ ní ibùdókọ̀ o! Tó bá di alẹ́ Sátidé, ẹ tò wọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́la ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.