Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Àròkọ Alálàyé — Gbígbé Ẹran Ọ̀sìn Kékeré Rin Ìrìn-àjò Jíjìn

Àròkọ alálàyé ni èyí tí a fi ń la ọ̀rọ̀ yé ẹni tí kò mọ bí a ti ń ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe ìtàn, kì í sì í ṣe àríyànjiyàn. Ohun mẹ́ta ni olùyẹ̀wéwò ń wá nínú rẹ̀: kí o mọ ohun tí o ń sọ, kí o tò ó bí ó ti ń tẹ̀lé ara wọn, kí o sì sọ ìdí tí a fi ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa ṣe méjì àkọ́kọ́, wọn a sì gbàgbé ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé, ‘Má ṣe fi ẹran sínú búùtù ọkọ̀,’ àṣẹ ni ó pa. Ẹni tí ó bá fi kún un pé, ‘nítorí pé afẹ́fẹ́ kò tó níbẹ̀, ooru sì lè pa á,’ òun ni ó ṣe àlàyé.

Ìbéèrè

Ṣe àlàyé bí ènìyàn ṣe lè gbé ẹran ọ̀sìn kékeré kan láti ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn tí ó jìnnà, tí ẹran náà yóò fi gúnlẹ̀ ní àlàáfíà.

Bí a ṣe lè ronú sí ìbéèrè náà

Fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó: ‘ẹran ọ̀sìn kékeré’, ‘tí ó jìnnà’, ‘ní àlàáfíà’. Bí o bá kọ̀wé lórí màlúù, o ti ṣìnà. Bí o bá sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ẹran nínú ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, o ti ṣìnà pẹ̀lú, nítorí ìrìn-àjò ni wọ́n béèrè. Mú ẹran kan ṣoṣo tí o mọ̀ dáadáa. Mú ibi tí o ti gbéra àti ibi tí o ń lọ, kí o sì dárúkọ wọn. Àròkọ tí ó bá ní ojú ọ̀nà gidi nínú máa ń yé ènìyàn ju èyí tí ó kàn sọ pé ‘láti ibì kan dé ibì kan’.

Ìlapa èrò

1. Ìfáárà: ohun tí ó fa ìrìn-àjò.
2. Irú ẹran tí ẹmọ́ òyìnbó jẹ́, àti ohun tí ó lè pa á lójú ọ̀nà.
3. Ìmúrasílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò.
4. Àpótí àti oúnjẹ.
5. Ojú ọ̀nà.
6. Ìgúnlẹ̀ sí ilé tuntun.
7. Bí ìrìn-àjò bá ré kọjá ẹnubodè.
8. Ìkádìí.

Àpẹẹrẹ Àròkọ: Gbígbé Ẹmọ́ Òyìnbó láti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Ìlọrin

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, mọ ohun tí omi lè ṣe. Odò Ògùn kò jìnnà síbẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti inú dáàmù Ọ̀yán tí a ṣí ní ọdún 1983, odò náà a kún, a sì wọ inú ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní agbègbè yìí, títí ìjọba fi kó àwọn kan lọ sí Àgbówà. Kò yani lẹ́nu bí ìdílé kan bá pinnu láti kó lọ sí ìlú mìíràn. Nígbà tí ẹrù bá ń dì, àwọn àgbà a máa ro ti ibùsùn àti ìkòkò. Ọmọ tí ó ní ẹmọ́ òyìnbó ni ó yẹ kí ó ro ti ẹmọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹran náà kò lè sọ pé ooru ń mú òun tàbí pé ebi ń pa òun.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí o mọ irú ẹran tí o fẹ́ gbé. Orí òkè Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹmọ́ òyìnbó ti wá, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sìn ín láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ibi tútù ni ó bá a lára mu. Kì í làágùn bí ènìyàn, nítorí náà ooru tí ó bá ju ìwọ̀n 30 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lè ṣe é ní jàǹbá. Kò gbọdọ̀ pẹ́ kí ó tó jẹun, nítorí pé bí kò bá rí nǹkan jẹ fún ọjọ́ kan, ìfun rẹ̀ lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ojora sì wà lára rẹ̀ púpọ̀. Ariwo òjijì a máa kó ìpayà bá a. Ooru, ebi àti ìpayà ni ọ̀tá mẹ́ta tí ń bá a lọ sí ìrìn-àjò. Gbogbo ohun tí o bá ṣe, àwọn mẹ́ta yìí ni kí o fi dojú kọ.

Bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Wo ojú, imú àti ìgbẹ́ ẹmọ́ náà. Bí imú rẹ̀ bá ń ṣomi, tàbí tí kò jẹun dáadáa, gbé e lọ bá dókítà ẹran, nítorí pé àìsàn kékeré nílé a máa di ńlá lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ abo tí ó lóyún, ṣírò ọjọ́ rẹ̀. Oyún ẹmọ́ òyìnbó a máa gba nǹkan bí ọjọ́ 59 sí 72. Bí ó bá ti súnmọ́ bíbí, ó sàn kí ẹnìkan nínú ẹbí tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi bí, kí a tó wá a wá.

Wá àpótí rẹ̀ ní kùtùkùtù pẹ̀lú. Àpótí onípákó fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí onike líle ni ó dára, kí ihò afẹ́fẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Páálí kò dára fún ọ̀nà jíjìn, nítorí pé ìtọ̀ yóò rẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, eyín ẹmọ́ yóò sì dá ihò sí i. Má ṣe fi àpò nọ́rà dì í rárá. Tẹ́ ìwé ìròyìn sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí o sì da koríko gbígbẹ púpọ̀ lé e lórí kí ó lè sá pamọ́ sínú rẹ̀. Kí àpótí má ṣe tóbi jù, nítorí pé bí ọkọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ẹran inú àpótí ńlá yóò máa gbá orí mọ́ ògiri. Gbé àpótí náà sínú ilé fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹmọ́ máa sùn sínú rẹ̀, kí òórùn ara rẹ̀ wà níbẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Bí ẹmọ́ méjì bá ti ń gbé pọ̀ láìjà, gbé wọn sínú àpótí kan náà, nítorí pé ẹran tí ń rìn ní agbo ni wọ́n, ọ̀kan a máa fi èkejì balẹ̀.

Lórí oúnjẹ, koríko ni kí ó pọ̀ jù, nítorí pé òun ni ìfun rẹ̀ mọ̀. Ra kùkúmbà ní ọjà Máìlì 12 kí o tó gbéra. Ègé kùkúmbà ní omi nínú, kì í sì í dà nù bí ife omi bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Fi ègé ọsàn tàbí gúáfà díẹ̀ kún un, nítorí pé ara ẹmọ́ òyìnbó kò lè ṣe fítámì C fún ara rẹ̀, bí tiwa náà ni. Má ṣe fún un ní oúnjẹ tí kò jẹ rí ní ọjọ́ yẹn, kí inú má baà run ún.

Ní ọjọ́ ìrìn-àjò, gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Láti Ajégúnlẹ̀ dé Ìlọrin jẹ́ nǹkan bí 300 kìlómítà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gígùn ọ̀nà ni ó ń pa ẹran bí kò ṣe ìdúró sójú kan nínú oòrùn. Bí ọkọ̀ bá há sí Kétu, Ọjọ́tà tàbí Bájà ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé mọ́, inú ọkọ̀ a sì gbóná. Sọ fún awakọ̀ ní gáréèjì pé ẹran wà lọ́wọ́ rẹ. Má ṣe fi pamọ́, kí wọ́n má baà sọ pé kí o gbé e sí búùtù nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń lọ. Gbé àpótí lé itan rẹ tàbí sí ẹsẹ̀ rẹ, ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò sí. Nínú àwọn bọ́ọ̀sì kan, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà. Má ṣe jókòó síbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, fún un ní omi, kí o sì wò ó bóyá ó ń jẹun. Má ṣe ṣí àpótí ní gbangba, nítorí pé ẹmọ́ tí ó bá bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì kì í ṣeé mú mọ́.

Bí o bá rí i pé ó na gbalaja, tí ó ń mí gúlegúle, tí itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀, ooru ti mú un nìyẹn. Gbé e lọ sí ibi ìbòòji. Fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù nu etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe lo omi yìnyín, nítorí pé òtútù òjijì lè pa á bí ooru ti lè pa á. Fi omi sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ó bá lè mu, kí o sì wá dókítà ẹran ìlú tí ó súnmọ́ ọ.

Nígbà tí o bá gúnlẹ̀, má ṣe jẹ́ kí gbogbo ọmọ àdúgbò wá wò ó ní ọjọ́ kìíní. Gbé e sí igun tí ó dákẹ́, kí ajá àti ológbò má lè dé ibẹ̀. Koríko tí o gbé láti ilé ni kí o kọ́kọ́ fún un, kí o sì máa fi koríko ibẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹun, tí ó sì yàgbẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkàn rẹ lè balẹ̀. Bí kò bá jẹun títí ilẹ̀ fi mọ́, má ṣe dúró kí ó di ọ̀túnla.

Bí ìrìn-àjò bá ré kọjá ẹnubodè, ìtọ́jú nìkan kò tó mọ́. Òfin ti dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, wọ́n kó nǹkan bí 800 ẹran kéékèèké láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà fún títà. Àrùn mpox wà lára díẹ̀ nínú wọn, òkété sì wà lára àwọn tí ó ní in. Ó ran ẹran mìíràn tí wọ́n ń tà fún ọ̀sìn, ó sì dé ara ènìyàn 47. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún náà ni Amẹ́ríkà ti fi òfin de kíkó irú ẹran bẹ́ẹ̀ wọlé láti Áfíríkà. Bí a bá sì tẹ̀lé òfin, òkété pàápàá lè rin ọ̀nà jíjìn. Òkété kan tí ń jẹ́ Magawa ni wọ́n kọ́ ní Tànsáníà láti máa gbóòórùn àdó olóró inú ilẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Kàm̀bódíà ní ọdún 2016, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà ní ọdún 2020. Ó kú ní ọdún 2022 lẹ́yìn tí ó ti fẹ̀yìn tì.

Ní ìkádìí, ọ̀nà jíjìn kì í pa ẹmọ́ òyìnbó. Àìmúrasílẹ̀ ni ó ń pa á. Ẹni tí ó bá gbéra ní kùtùkùtù, tí ó wá àpótí tí ó dára, tí ó sì ń wo ẹran rẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò bá a dé ilé láàyè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àkíyèsí lórí àpẹẹrẹ yìí

1. Wo iye ìgbà tí ‘nítorí pé’ wáyé. Àwọn ni ó sọ àròkọ náà di alálàyé.
2. Ìpín-afọ̀ kejì dárúkọ ọ̀tá mẹ́ta. Gbogbo ìmọ̀ràn tí ó tẹ̀lé e ń dáhùn sí ọ̀kan nínú wọn. Bí o bá ní irú òpó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ kò ní fọ́nká.
3. Òwe kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì wà níbi tí ó yẹ. Òwe mẹ́wàá kò lè bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀.
4. Má ṣe há àpẹẹrẹ yìí sórí lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí ó bá jẹ́ ehoro tàbí ọ̀yà ni o mọ̀, kọ nípa rẹ̀; ètò kan náà ni.

Ìdánrawò

(a) Ṣe àlàyé bí a ṣe lè kó adìyẹ mẹ́wàá láti oko wá sí ọjà láìjẹ́ pé ọ̀kan kú.
(b) Kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó fẹ́ gbé ehoro rẹ wá bá ọ láti ìlú mìíràn. Sọ fún un bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀ lójú ọ̀nà.
(d) Ṣe àlàyé ohun tí ìdílé tí ń gbé lẹ́bàá odò gbọ́dọ̀ ṣe kí àkókò òjò tó dé.