Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ọwọ́ Lórí Orúnkún

Orúnkún dídùn kì í ṣe ìrora kékeré. Bí ó bá ti mú èèyàn, àtidìde lórí àpótí á di iṣẹ́. Àtikúnlẹ̀ kí ẹni tó juni lọ á di ohun tí a ń rò kí a tó ṣe é. Ẹni tí ìrora yìí ti ń bá fínra tipẹ́ á ti gbọ́ oríṣiríṣi ìmọ̀ràn. Ọ̀kan tó ti tàn káàkiri ayé ni ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní Reiki.

Ilẹ̀ Japan ni Reiki ti wá. Mikao Usui ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1922. Lẹ́yìn náà ni Hawayo Takata, obìnrin kan tí wọ́n bí sí Hawaii, lọ kọ́ ọ ní Japan. Òun ló mú un dé Hawaii, tó fi tàn dé Amẹ́ríkà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ tòun taṣọ lọ́rùn. Olùwòsàn á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tàbí kó gbé e sókè rẹ̀ díẹ̀ láìfi kàn án. Kò ní tẹ̀ ẹ́, kò sì ní fi òróró pa á. Wọ́n gbà pé agbára kan ń ṣàn nínú ara, àti pé ọwọ́ àwọn ló ń ràn án lọ́wọ́.

Ǹjẹ́ ọwọ́ lè mọ irú agbára bẹ́ẹ̀ lára? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní Amẹ́ríkà, Emily Rosa, dán an wò. Àwọn tó dán wò kì í ṣe olùwòsàn Reiki gan-an. Ìwòsàn tó fara jọ ọ́, Therapeutic Touch, ni tiwọn. Emily gbé páálí dúró lórí tábìlì, ó lu ihò méjì sí i. Olùwòsàn á ti ọwọ́ méjèèjì bọ ihò, kò sì ní rí òdìkejì. Emily á ju owó ẹyọ sókè láti mọ ọwọ́ wo ni kí òun na ọwọ́ tirẹ̀ sí òkè rẹ̀. Á wá ní kí olùwòsàn sọ ọwọ́ tó jẹ́. Àwọn olùwòsàn 21 dáhùn ní ìgbà 280. Ìgbà 123 péré ni wọ́n gbà á. Ẹni tó kàn ń méfò á gbà á tó ìgbà 140! Ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1998.

Síbẹ̀, ẹni tó ní ara tu òun lẹ́yìn Reiki kò purọ́. Ẹ wo ìwádìí kan lórí iṣẹ́ abẹ orúnkún. Ní Houston, dókítà Bruce Moseley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 180 jọ tí orúnkún ń dùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan. Ti àwọn yòókù, awọ orúnkún nìkan ni wọ́n là, tí wọ́n sì rán an padà. Aláìsàn kò mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun. Ní ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìrora àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò dín ju ti àwọn yòókù lọ. Ìrètí, ìsinmi, àti ẹni tó fara balẹ̀ tọ́jú wa máa ń dín ìrora kù. Mi ò fojú kéré wọn rárá. Ṣùgbọ́n wọn kò lè dá kèrékèré tó ti gbó padà. Kèrékèré yìí ló dà bíi tìmùtìmù láàárín egungun orúnkún.

Ohun tó ń ran orúnkún lọ́wọ́ gan-an ni kí iṣan itan lágbára. Ẹ jókòó lórí àga. Ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú títí yóò fi gún, ẹ ka ení dé àrún, kí ẹ tó rọra gbé e sílẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀kejì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́. Ẹni tó bá sì sanra jù, bó bá fi kìlò kan fọn, nǹkan bíi kìlò mẹ́rin ló gbé kúrò lórí orúnkún nígbàkigbà tó bá gbẹ́sẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ Reiki lè ṣe é, ṣùgbọ́n kó má ṣe torí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Bí orúnkún bá wú lójijì tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e, tàbí tí ẹsẹ̀ kò lè gbani dúró mọ́ lẹ́yìn ìṣubú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.