Ó Gòkè, Ó Dín Kù, Ó Di: Bí A Ṣe Ń Sọ̀rọ̀ Àyípadà Lédè Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, orí kẹrin iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi padà sọ́wọ́ mi pẹ̀lú yíǹkì pupa. Olùbójútó iṣẹ́ mi fa ìlà méjì sí ìdí gbólóhùn kan. Mo kọ "increased to 20%" níbi tí ó yẹ kí n kọ "increased by 20%". Wọ́n ní: "Iye tí o kọ sókè níbí ju ogún lọ. Báwo ni nǹkan ṣe pọ̀ sí i tí ó tún kéré sí ti tẹ́lẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà méjì lọ ti sọ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta di irọ́.

Mo rò pé èmi nìkan ni, àfi ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń múra fún IELTS ní kí n bá òun wo ohun tí òun kọ. Ẹ rántí pé nínú ìdánwò náà, ti àwọn tí ó fẹ́ lọ kàwé, iṣẹ́ kìíní lábẹ́ ìwé kíkọ sábà máa ń jẹ́ àwòrán ìṣirò tí a ó ṣàlàyé, ó kéré tán ní 150 ọ̀rọ̀. Àṣìṣe mi gan-an ni mo bá níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

1. "From", "to" àti "by"

Ẹ jẹ́ kí a fi iye ìpínlẹ̀ Nàìjíríà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí a ti mọ̀ ọ́n láti kékeré: 12 ní 1967, 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996.

"From" ni ibi tí nǹkan ti gbéra, "to" ni ibi tí ó dé, "by" ni ìwọ̀n ìrìn tí ó wà láàárín méjèèjì. "The number of states rose from 30 to 36." "The number of states rose by six." Mẹ́fà jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ti 30, nítorí náà a tún lè kọ "rose by 20%".

Kí ló wá ń mú wa kọ "increased with six"? "Fi" ni. A máa ń sọ pé, "Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ." A sì tún máa ń sọ pé, "Ó fi ọ̀bẹ gé ẹran." "With" ni wọ́n kọ́ wa pé ó dúró fún "fi" ti ọ̀bẹ, a sì gbé e lọ síbi gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ náà sí méjì: "with" fún ohun èlò, "by" fún ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye méjì.

2. Ìdá nínú ìdá

Ní oṣù kejì ọdún 2020, owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT kúrò ní 5%, ó di 7.5%. Ọ̀pọ̀ yóò kọ "rose by 2.5%". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ti 5 kò tó nǹkan, 5.125% péré ni à bá máa san. Ohun tí ó tọ́ ni "rose by 2.5 percentage points", tàbí "rose by 50%", nítorí 2.5 jẹ́ ìdajì 5. Òótọ́ ni méjèèjì. Ẹni tí ó ń gba owó náà yóò fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, ẹni tí ó ń san án yóò fẹ́ràn èkejì. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìwé ìròyìn, ẹ máa wo èyí tí wọ́n lò.

3. Ta ló ṣe é?

"Ìjọba gbé owó epo sókè." "Owó epo gòkè." Èdè wa ya méjèèjì sọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà yà wọ́n: "raised" fún ti àkọ́kọ́, "rose" fún èkejì. "Raise" ń fẹ́ àbọ̀, "rise" kò fẹ́.

Ibi tí a ti ń ṣubú ni "dín kù". A ń sọ pé, "Wọ́n dín owó náà kù," a sì ń sọ pé, "Ìrora náà ti dín kù." Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé "the pain has reduced". N kò ní pe ìyẹn ní àṣìṣe láàárín ara wa. Bí a ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà nìyẹn, ó sì yé gbogbo wa. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí ẹlòmíràn yóò gba máàkì sí, ẹ fi àbọ̀ sí iwájú "reduce", kí ẹ sì lo "fell", "decreased" tàbí "declined" nígbà tí kò bá sí àbọ̀.

4. Díẹ̀ kọ́ ni díẹ̀díẹ̀

"Díẹ̀" ń sọ bí àyípadà ṣe tóbi tó: "slightly". "Díẹ̀díẹ̀" ń sọ bí ó ṣe ń rìn: "gradually". Nǹkan lè pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òkè ńlá; "slightly" kò lè gbé ìyẹn. Láti 1976 sí 1987, ìpínlẹ̀ méjì péré ló kún un: "rose slightly". Láti 1987 sí 1991, mẹ́sàn-án ló kún un láàárín ọdún mẹ́rin: "rose sharply". Láti 1996, kò sí èyí tó kún un: "has remained at 36 since 1996".

Ẹ kíyèsí "has" yẹn. Bí ẹ bá dárúkọ ọdún tí ó ti kọjá, ẹ má ṣe jẹ́ kí "ti" tàn yín: "rose to 36 in 1996" ni, kì í ṣe "has risen".

5. "Di"

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, ọbẹ̀ kan, bàbá darúgbó. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ti tó wa. Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wá olùrànlọ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ àpèjúwe, irú olùrànlọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìwà tirẹ̀. "Turn" fẹ́ràn àwọ̀: "turned yellow". "Go" sábà máa ń tẹ̀ lé ohun tí ó bàjẹ́: "went sour", "went blind". "Grow" máa ń rọra bọ̀: "grew old". "Become" ló sún mọ́ "di" jù, nítorí òun ló ń gba ọ̀rọ̀-orúkọ láìjanpata: ó di olùkọ́, "she became a teacher".

Ìdánrawò

Ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iye ìpínlẹ̀ láti 1967 sí 1976. Kí ọ̀kan ní "to", kí ọ̀kan ní "by", kí ẹ̀kẹta má ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí orí kẹrin yín, kí ẹ wá gbogbo "increased" inú rẹ̀ rí. Mo ka tèmi: mọ́kànlá ni, mẹ́rin nínú wọn kò tọ́. Mo ti tún wọn ṣe, mo sì ti dá ìwé náà padà.