Ilé-Ẹ̀kọ́ Wo Ni Ó Yẹ Ọmọ Olórin?

Nígbà tí ọmọ bá ń ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ sí ti girama, àwọn òbí a máa tọ̀ wá wá pé, "Ọmọ wa fẹ́ràn orin ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, sísá ni ó ń sá fún un. Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni kí a fi í sí, tàbí ti aládàáni?" Ìbéèrè náà tóbi, nítorí owó ọdún mẹ́fà wà nínú rẹ̀, àti ayọ̀ ọmọ náà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ Ẹ̀gbá kan tí ó rí irú ilé-ẹ̀kọ́ méjì. A bí Fẹlá Ṣówándé ní 1905, àlùfáà ìjọ wa ni bàbá rẹ̀. Ní Èkó, ó lọ sí CMS Grammar School, tí í ṣe ti ìjọ, ó sì lọ sí King's College, tí í ṣe ti ìjọba. Síbẹ̀, ẹni tí a máa ń dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ dùùrù rẹ̀ ni T. K. Ekundayo Phillips, atẹdùùrù Kàtídírà Marina láti 1914 títí di 1962. Nínú ẹgbẹ́ akọrin Phillips ni ọmọdé náà ti kọrin, lẹ́bàá dùùrù rẹ̀ ni ó sì ti kọ́ṣẹ́. Ní 1943 ó di Fellow ti Royal College of Organists ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1944 ó kọ African Suite.

Ǹjẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilé alájà púpọ̀ tàn yín jẹ. Àwa fúnra wa ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí wọ́n fi dùùrù hàn wá nínú gbọ̀ngàn. Eruku bò ó, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọjọ́ ìfẹ̀bùnfúnni nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè: Ta ni ń kọ́ni ní orin? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Ǹjẹ́ ọmọ lè fọwọ́ kan ohun èlò náà? Ǹjẹ́ wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò orin ti WAEC?

Bí ìdáhùn kò bá sí, àwa yóò yan ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí kò jìnnà sílé, a ó sì fi owó tí ó ṣẹ́kù gba olùkọ́ dùùrù. Àwa kò wí pé kò ní ìṣòro. Kíláàsì a máa kún, ọmọ tí kò lè sáré a sì máa di ẹni ẹ̀sín. Bí ọmọ yín bá jẹ́ onítìjú, kíláàsì kékeré ti aládàáni lè tó owó rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rántí pé ọjọ́ ìdíje eré sísá kò lè dùn láìsí ìlù àti fèrè tí àwọn ọmọ yóò fi yan. Ẹ fi igi ìlù lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù, tí àwọn òbí kì í sábà rò. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, a máa mú un kúrò nínú ìdánrawò àwọn akọrin ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní Aké tàbí ní ìjọ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá akọrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó di ẹrù rẹ̀.