Kì í ṣe ìran nìkan ló ń mú ọmọ dàgbà

Ohun tó ń mú kí ènìyàn dàgbà dáadáa, láti inú oyún títí di ọjọ́ ogbó, ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká ti inú ọjà bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan gbé ẹyin wá tà. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti pé ọdún kan àtààbọ̀. Láti àárọ̀, ògì lásán lọmọ ń mu. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí kò fún ọmọ lẹ́yin, á ní, "Háà, ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin, olè ló máa dà." Bí ẹ bá ní ọmọ náà kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀, á ní, "Bàbá ẹ̀ náà ò ga, ìran wọn ni."

Ẹ̀yin ìyá wa, irọ́ kọ́ lọ̀rọ̀ ìran. Ọmọ a máa jọ àwọn tó bí i. Àmọ́ ìran dà bí irúgbìn àgbàdo. Bí irúgbìn dára tó, tí ilẹ̀ bá ti ṣá, tí koríko bò ó, kí la máa rí ká? A ò lè pààrọ̀ ìran, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà tó wà lọ́wọ́ wa.

Èkíní ni oúnjẹ. Oyún ń lo nǹkan bí 270 ọjọ́, ọdún méjì àkọ́kọ́ jẹ́ 730 ọjọ́. Ẹ pa á pọ̀, 1,000 ọjọ́ nìyẹn. Àsìkò yìí ni ọpọlọ ń dàgbà jù. Kí ọmọ tó pé ọdún méjì, ọpọlọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin nínú ìdá márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọmú nìkan ni kí ẹ fún ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kódà ẹ má fi omi kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fún un ní oúnjẹ, kí ọmú ṣì máa bá a lọ títí á fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ògì lásán ò tó. Ẹ fi ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná sí i, tàbí sóyà, tàbí ẹja gbígbẹ tí a gún. Ẹ̀wà dára, ẹyin sì dára.

Èkejì ni àìsàn. Ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti aràn ń gba oúnjẹ mọ́ ọmọ lára. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó bọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kó sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára fò yín. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ti wà lára ti ọmọdé ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn. Ẹ ní kí wọ́n wọn apá ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà: bí okùn ìwọ̀n bá bọ́ sí pupa, tí kò pé sẹ̀ǹtímítà 11.5, ẹ má padà sílé láìgba ìtọ́jú.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọmọ ń gbọ́ kó tó lè sọ. Ẹ máa kì í ní oríkì, ẹ dárúkọ ata àti tòmátì fún un níbi àtẹ yín. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ọgbọ́n ọmọ ló ń là.

Ìdàgbà ò sì parí síbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń rí nǹkan oṣù nílò ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dín lára rẹ̀. Bó bá lóyún nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń dàgbà, òun àti ọmọ inú á máa du oúnjẹ kan náà. Àgbàlagbà náà, ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa rìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, ẹ má dá jókòó sínú ilé. Ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún ṣì lè kọ́ ìwé kíkà.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́yin wa. Ẹyin kì í sọ ọmọ dolè. Ebi àti àìkọ́mọ ló ń ṣe é. Bí ẹ bá kó ẹyin mẹ́wàá wá sọ́jà, ẹ yọ ọ̀kan sílẹ̀, ẹ sè é jinná fún ọmọ. Owó ẹyin kan á padà wá lọ́jà míì. Ọdún méjì àkọ́kọ́ ọmọ kì í padà. Ẹ̀yin tí àtẹ yín sún mọ́ tirẹ̀, ẹ sọ fún un pẹ̀lú sùúrù, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.